Bí ẹgbẹ́ olórin a-ha ṣe ti Oslo kárí ayé, àti ohun tó mú wọn pẹ́ lórí ìtàgé

Àwọn ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè Norway kò ju mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta dá ẹgbẹ́ olórin a-ha sílẹ̀ ní Oslo lọ́dún 1982. Títí di àsìkò náà, kò sí olórin ilẹ̀ Norway kankan tó tíì gba ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni tiwọn débẹ̀, wọ́n sì ṣì ń gbé àwo orin tuntun jáde ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Fídíò kan ṣoṣo, ti orin wọn Take On Me, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Fídíò náà ṣe gudugudu méje lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ ipa iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé orin yìí kan náà ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì kí fídíò tó dé, àti pé ohun tó gbé wọn ró nígbà tí ariwo fídíò rọlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó kọ́kọ́ gbé wọn jáde.

Paul Waaktaar, tó ń ta gìtá, àti Magne Furuholmen, tó ń tẹ dùùrù, ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Bridges láti ìgbà ọ̀dọ́langba wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì gbé àwo orin wọn, Fakkeltog, jáde lọ́dún 1980. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni Furuholmen ti rí ìlà orin kúkúrú kan lórí dùùrù rẹ̀, èyí tó ń yára gòkè sọ̀ kalẹ̀, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ni létí. Nígbà tí Morten Harket dara pọ̀ mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí akọrin, wọ́n tún ìlà orin náà gbé yẹ̀ wò, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i, wọ́n sì pè é ní Lesson One kó tó di Take On Me. Olórin Scandinavia tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ òun nígbà náà, Lọ́ńdọ̀n ni yóò gbà kọjá, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ orin ńláńlá tó ń tajà kárí ayé ti ń wá olórin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó lọ síbẹ̀, wọ́n sì yan ilé ìgbohùnsílẹ̀ John Ratcliff ní Sydenham. Àwọn fúnra wọn ti sọ ọ́ pé ẹ̀rọ ìtayò Space Invaders tó wà níbẹ̀ wà lára ohun tó fà wọ́n. Ratcliff gbọ́ orin wọn, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mú wọn mọ Terry Slater, ẹni tó di alábòójútó wọn. Nígbà tí ọdún 1983 ń parí lọ, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Warner tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀, ó sì yẹ kí ó yé ni kí ìyókù ìtàn yìí tó lè yé ni. Ilé-iṣẹ́ orin ló máa ń sanwó ilé ìgbohùnsílẹ̀, owó olùdarí ìgbohùnsílẹ̀, owó fídíò àti owó ìpolówó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó yìí jẹ́ àsansílẹ̀ tí wọn yóò yọ padà lára ìpín olórin bí àwo bá ti ń tà. Olórin tí àwo rẹ̀ kò tà kò ní rí nǹkan kan gbà, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì pàdánù ohun tó ti ná. Nítorí náà, bí orin àkọ́kọ́ bá ti ṣubú, ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ilé-iṣẹ́ jáwọ́ kí gbèsè má baà pọ̀ sí i.

Orin a-ha ṣubú lóòótọ́. Tony Mansfield ló darí ìgbohùnsílẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó jáde lọ́dún 1984. Ó ta dáadáa ní Norway, àmọ́ ní Bìrìtéènì ipò 137 ló dé. Wọ́n gbé orin náà fún Alan Tarney, òun náà sì tún un ṣe látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rọ LinnDrum ni ó fi lu ìlù rẹ̀, ó wá mú ìlà dùùrù náà gbilẹ̀, kí ó lè dún ketekete. Ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ohùn Harket. Ohùn yìí yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ilé náà dúró lé. Ègbè orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ní ibi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń gun òkè ní ìpele ìpele, títí tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yóò fi bọ́ sí ohùn òkè fínnífínní tí àwọn obìnrin ń lò. Nǹkan bí óktéfù méjì àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ (óktéfù kan ni láti dò dé dò tó wà lókè rẹ̀), láàárín gbólóhùn mélòó kan péré. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú láti kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ibi tí ohùn ti máa ń ya. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé ti Tarney jáde ní Bìrìtéènì, orin náà tún kùnà. Ó ti dára tó báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbọ́ ọ.

Níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti jáwọ́ ni ẹ̀ka Warner ti Amẹ́ríkà ti pinnu láti tún náwó sí i. MTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1981, ó sì ti hàn gbangba pé orin tí wọ́n bá ń fi hàn léraléra lórí tẹlifíṣọ̀n yìí lè borí àìmọ̀ tí àwọn ènìyàn kò mọ olórin náà rí. Jeff Ayeroff, tó ń darí ọ̀rọ̀ àwòrán ní Warner, pe Steve Barron, ẹni tó ti ya fídíò Billie Jean fún Michael Jackson, ó sì so ó pọ̀ mọ́ ayàwòrán méjì, Michael Patterson àti Candace Reckinger.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Wọ́n kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya àwọn òṣèré gidi: ọmọbìnrin kan jókòó sí ilé kọfí ní Lọ́ńdọ̀n, ó ń ka ìwé ìtàn aláwòrán, ni ọwọ́ kan bá yọ jáde láti inú ojú ìwé náà, ó sì fà á wọlé. Fíìmù jẹ́ àwòrán 24 tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní gbogbo ibi tí ìtàn náà bá ti wọ inú ìwé, àwọn ayàwòrán á tan àwòrán fíìmù sórí bébà, wọ́n á fi pẹ́ńsù tọ ìlà irun, imú, èjìká àti ìka ọwọ́, wọ́n á yọ bébà náà kúrò, wọ́n á sì fi òmíràn sí i fún àwòrán tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bí àwòrán 3,000 ni wọ́n yà báyìí, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 16. Nítorí pé kò sí ọwọ́ tó lè fa ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìyàtọ̀, bí àwọn bébà náà bá ń sáré tẹ̀ léra, ojú ìlà á máa gbọ̀n bí iná àtùpà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Gbígbọ̀n yìí gan-an ló mú kí àwòrán náà dà bí ohun ẹlẹ́mìí. Ó tún wá ní ibì kan tí ọmọbìnrin náà àti Harket dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjì dígí kan: ẹni tó bá wà lẹ́yìn dígí di ènìyàn gidi, ẹni tó bá wà níta rẹ̀ jẹ́ ìlà pẹ́ńsù, bí wọ́n sì ṣe ń yí ká ni ipò wọn ń pààrọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan nìyẹn, kò sì sí ohun tó dára jù ú lọ nínú fídíò orin ìgbà náà.

Ìgbà tí MTV bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, àwọn ilé ìtàwo sì ń bèèrè fún un. Àtẹ Billboard, èyí tó ń to orin Amẹ́ríkà ní ipò ipò, nígbà náà máa ń pa iye àwo tó tà pọ̀ mọ́ iye ìgbà tí rédíò lu orin, nítorí náà méjèèjì ń gbé ara wọn ga. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, Take On Me gba ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Bìrìtéènì tí kò náání rẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbé e dé ipò kejì, orin tó tẹ̀ lé e, The Sun Always Shines on TV, sì gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986. Nínú ọdún náà, fídíò méjèèjì gba àmì ẹ̀yẹ mẹ́jọ lọ́wọ́ MTV.

Amẹ́ríkà kò dúró tì wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn orin méjì wọ̀nyẹn, kò sí èyí tó tún wọ inú ogójì àkọ́kọ́ níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi máa ń kà wọ́n sí olórin orin kan ṣoṣo. Ìdájọ́ yìí kò tọ́, nítorí pé àtẹ ìlú kan, ọjà ìlú yẹn nìkan ló ń wọ̀n. Ní Bìrìtéènì, ní Jámánì, ní Norway àti ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwo wọn kò yé tà. Wọ́n kọ orin fíìmù James Bond ti ọdún 1987, The Living Daylights. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991, ní pápá ìṣeré Maracanã ní Rio de Janeiro, ènìyàn 198,000 ló sanwó wọlé wá gbọ́ wọn ní alẹ́ kan ṣoṣo, ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó pọ̀ jù lọ láyé.

Ohun tó ṣòro jù fún ẹgbẹ́ olórin ni kí ẹni mẹ́ta máa bá ara wọn gbé lẹ́yìn tí owó àti òkìkí ti dé. Owó orin ní ojú méjì: ìpín kan wà fún ẹni tó ṣeré náà, òmíràn sì wà fún ẹni tó kọ orin. Bí ẹlòmíràn bá tún orin náà kọ, tàbí tó mú apá kan lára rẹ̀ lò, ẹni tó kọ ọ́ ni owó òǹkọ̀wé ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹgbẹ́ A1 tún Take On Me kọ lọ́dún 2000, ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní Bìrìtéènì. Pitbull fi ìlà dùùrù rẹ̀ ṣe Feel This Moment lọ́dún 2013. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí Take On Me, ṣùgbọ́n Waaktaar nìkan ni wọ́n kọ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin yòókù, irú ètò báyìí kì í sì í ṣàìdá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀. Lẹ́yìn àwo Memorial Beach ti ọdún 1993 ni wọ́n sinmi. Harket gbé àwo tirẹ̀ jáde, Furuholmen gbájú mọ́ iṣẹ́ ọnà, Waaktaar àti ìyàwó rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ Savoy sílẹ̀.

Ìsinmi yẹn ló gbà wọ́n là. Níbi eré àjọyọ̀ ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní Oslo lọ́dún 1998 ni wọ́n ti tún jọ dúró, àwo Minor Earth Major Sky sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2000. Láti ìgbà náà ni ètò wọn ti yí padà: ẹnì kọ̀ọ̀kan a máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, bí àkókò bá tó wọ́n á pàdé, wọ́n á ṣe àwo, wọ́n á rìnrìn-àjò eré, wọ́n á sì tún pínyà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010 wọ́n ṣe eré ìdágbére ní Oslo; ní 2015 wọ́n padà sí Rio pẹ̀lú àwo tuntun. Ní 2017, ní erékùṣù Giske, wọ́n fi ohun èlò tí kò lo iná mànàmáná kọ àwọn orin wọn. Níbẹ̀ ni Take On Me ti di orin pẹ̀lẹ́, tí a yọ ẹ̀rọ ìlù àti eré sísá kúrò lára rẹ̀, ìbànújẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì wá hàn kedere. Fídíò àtijọ́ náà kò dáwọ́ dúró ní tirẹ̀: ní oṣù kejì ọdún 2020, iye ìgbà tí wọ́n wò ó lórí YouTube pé bílíọ̀nù kan. Lọ́dún 2022 ni True North jáde, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Bodø ní àríwá Norway pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin onífèrè àti olókùn ti ilẹ̀ Arctic.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Harket kéde pé òun ní àìsàn Parkinson, àti pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, nínú èyí tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín tó ń gbé iná wọ inú ọpọlọ láti mú gbígbọ̀n ara rọlẹ̀. Ó sọ pé ara òun fúyẹ́ sí i lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ohùn òun wà lára ohun tí òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí mọ́. Ẹgbẹ́ yìí ti pààrọ̀ ilé ìgbohùnsílẹ̀, olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ láti ọdún 1982 wá, ṣùgbọ́n Harket ni olórí akọrin nínú gbogbo àwo tí wọ́n ṣe.