Ìdí tí lẹ́tà fi ń kéré lójú láptọ́ọ̀pù tuntun, àti iṣẹ́ tí Scale ń ṣe

Scale ni ètò inú Windows tó ń pinnu bí lẹ́tà àti bọ́tìnnì ṣe máa tóbi tó lójú kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá tan láptọ́ọ̀pù olójú 4K tí Scale rẹ̀ wà ní 100%, lẹ́tà á kéré wínníwínní, bọ́tìnnì tó yẹ kó fi máòsì tẹ̀ á ṣòroó rí, á sì wá máa na ọrùn bí ẹni tó ń wo inú kànga. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ọjà tí wọ́n tà fáwọn ò dáa. Kò sí nǹkan kan tó ṣe kọ̀ǹpútà náà.

Píksẹ́lì lọ̀rọ̀ wà, ìyẹn àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí àwòrán àti lẹ́tà fi ń hàn. Lójú láptọ́ọ̀pù oní-íǹṣì 15.6 tó jẹ́ 1366 × 768, ìyẹn píksẹ́lì 1366 níbùú àti 768 lóròó, nǹkan bí 100 píksẹ́lì ló wà nínú íǹṣì kan. Bí irú ojú kan náà bá jẹ́ 4K, ìyẹn 3840 × 2160, nǹkan bí 282 ló máa há sínú íǹṣì yẹn. Lẹ́tà tó ga ní píksẹ́lì 16 á tó mìlímítà 4 lórí ti àkọ́kọ́. Lórí ìkejì, kò ní pé mìlímítà kan ààbọ̀. Iye píksẹ́lì tó wà nínú lẹ́tà náà ò yí padà, píksẹ́lì fúnra rẹ̀ ló kéré sí i.

Iṣẹ́ Scale bẹ̀rẹ̀ níbí. Windows gbà pé píksẹ́lì 96 ló ń ṣe íǹṣì kan, ìyẹn ni 100%. Bí èèyàn bá gbé e sí 200%, ohun tó ń gba píksẹ́lì kan tẹ́lẹ̀ á gba méjì níbùú àti méjì lóròó, ó di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó kàn fa lẹ́tà gùn bí rọ́bà. Ìlà tó yí lẹ́tà ká ló wà nínú fọ́ǹtì, ètò kọ̀ǹpútà á sì fi píksẹ́lì tó pọ̀ sí i tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi máa ń dán.

Àwa tá à ń ka Yorùbá la máa tètè mọ iyì èyí. Ẹ wo “owó” àti “ọwọ́”. Lójú kọ̀ǹpútà àtijọ́, tí lẹ́tà bá kéré, píksẹ́lì kan péré lè jẹ́ gbogbo àmì abẹ́ ọ, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà débi pé ọwọ́ á di owó lójú ẹni tó ń kà á. Ní 200% lójú 4K, mẹ́rin ló dípò ẹyọ kan yẹn, àmì á rí roboto, àyè á sì wà láàárín òun àti lẹ́tà.

Àṣìṣe tó ń dunni jù ni pé àwọn kan á lọ dín Display resolution, ìyẹn iye píksẹ́lì tí kọ̀ǹpútà ń yà, kù sí 1920 × 1080 kí lẹ́tà lè tóbi. Ó máa tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì 2,073,600 péré ni kọ̀ǹpútà á máa yà, nígbà tí 8,294,400 wà lójú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á nà sórí mẹ́rin. Owó tí wọ́n fi ra 4K ti wọmi nìyẹn. Ẹ fi resolution sílẹ̀ síbi tí wọ́n kọ Recommended sí, Scale ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn.

Kí ló dé tí àwọn áàpù kan tún ń ṣú bàìbàì lẹ́yìn èyí? Áàpù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Windows mọ̀ pé òun lè fúnra òun yà á ní ìwọ̀n tuntun. Èyí tí ò bá sọ bẹ́ẹ̀, Windows á sọ fún un pé píksẹ́lì 96 ṣì ni íǹṣì kan, á jẹ́ kó ya tirẹ̀ ní kékeré, á wá na àwòrán náà. Láti Windows 8.1, ní 2013, ojú kọ̀ǹpútà méjì ti lè ní Scale ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀ràn náà sì túbọ̀ gún nínú Windows 10 ní 2017, síbẹ̀ àwọn áàpù àtijọ́ ò bá a rìn. Fún irú wọn, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ áàpù náà, ẹ lọ sí Properties, Compatibility, Change high DPI settings, kẹ́ ẹ fàmì sí Override, kẹ́ ẹ sì mú System (Enhanced). Kì í ran gbogbo áàpù lọ́wọ́, àmọ́ ó máa ń tún lẹ́tà ọ̀pọ̀ wọn ṣe.

Ìṣòro kejì ni ìdajì. Ní 150%, ìlà píksẹ́lì kan yẹ kó di kan ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ń jẹ́ ààbọ̀ píksẹ́lì. Wọ́n á sọ ọ́ di kan tàbí méjì, tàbí kí wọ́n fi àwọ̀ fífẹ́lẹ́ dí i. Ìyẹn ló ń mú kí ìlà inú tábìlì kan nípọn ju èkejì lọ nígbà míì. Apple yẹra fún èyí ní 2012: láptọ́ọ̀pù wọn, MacBook Pro oní-íǹṣì 15.4 olójú Retina (orúkọ tí Apple ń pe ojú tí píksẹ́lì rẹ̀ há mọ́ra) jẹ́ 2880 × 1800, ìlọ́po méjì 1440 × 900 géérégé. Bí èèyàn bá fẹ́ àyè tó dà bíi 1680 × 1050, Mac á kọ́kọ́ yà á ní 3360 × 2100, á wá sún un kì. Ọgbọ́n gidi ni, bó tilẹ̀ ń fi kún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Bí Scale ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ làyè iṣẹ́ ń dín kù: 4K ní 200% ń fúnni ní àyè 1920 × 1080, ní 250%, 1536 × 864. Ẹ má fi iye tí ẹlòmíì ń lò ṣe tiyín. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó, ẹ tẹ “owó” àti “ọwọ́” sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ máa gbé Scale sókè látorí 150% títí àmì abẹ́ ọ á fi hàn láìjẹ́ pé ẹ sún orí síwájú. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí.