Pósítà Fíìmù Íńdíà Tí Wọ́n Ní Ọwọ́ Ni Wọ́n Fi Yà

Kì í pé oṣù kan kí ẹnìkan tó tún fi fọ́tò pósítà fíìmù Íńdíà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kì í yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Ojúlówó ni o, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, 1957.” Màá wo iye tí ọlọ́jà pè é, màá mí kanlẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ayàwòrán kan jókòó ní Bombay, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kun bébà yẹn látòkè délẹ̀, kò sì sí èkejì rẹ̀ láyé.

Ẹ bá mi rò ó wò. Fíìmù kan á wọ sinimá ní Bombay, Delhi, Calcutta, Madras, á tún dé àwọn ìlú kéékèèké tó yí wọn ká. Wọ́n á lẹ pósítà mọ́ ògiri, òjò á pa á, oòrùn á sá a. Ta ló máa fọwọ́ ya gbogbo ìyẹn? Ẹyọ kan ni ayàwòrán ń yà. Ilé ìtẹ̀wé á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa tẹ irú ẹ̀ jáde rẹpẹtẹ, sórí bébà tó sábà máa ń fẹ̀ tó ìǹṣì 30, tó sì gùn tó 40. Ìyẹn lẹ̀ ń rà.

Pátákó gàgàrà iwájú sinimá ni wọ́n ń fọwọ́ yà ní tiwọn. Iṣẹ́ yẹn ni M. F. Husain, ayàwòrán Íńdíà tó wá di olókìkí, fi ń jẹun ní Bombay ní àwọn ọdún 1930 kí ayé tó mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá ti kúrò lójú ìran, wọ́n sábà máa ń kun ọ̀dà bo àwọn òṣèré náà lójú, kí wọ́n ya fíìmù tó kàn lé wọn lórí. Díẹ̀ ló ṣẹ́kù.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ràn wá. Ní Ghana, ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àwọn ayàwòrán máa ń rán àpò ìyẹ̀fun pọ̀, wọ́n á ya pósítà fíìmù sí i fún àwọn ilé fídíò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rí i, tó sì mọ àwọn tó ń ya àwòrán sára bọ́lẹ̀kájà, á rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Íńdíà.

Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré náà. Bí ẹ bá rí àmì róbótó wínníwínní, pupa, ìyeyè, búlúù, dúdú, tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ ni. Bí ẹ ò bá sì rí i, ẹ má tíì jó. Láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan máa ń fọwọ́ da àwòrán náà kọ sára òkúta tàbí páànù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ á rí bí iyanrìn tí wọ́n fọ́n ká. Àtẹ̀jáde náà ni.

Ọdún tí wọ́n ń kọ sí i ló ń bí mi nínú jù. 1957 ni fíìmù Mother India jáde, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ọdún fíìmù kì í ṣe ọdún bébà. Fíìmù tí àwọn ará Kano ṣì ń wọ́ lọ wò ní sinimá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ṣé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ pósítà rẹ̀ nílé, ní Íńdíà, ni? Òfin ìtẹ̀wé Íńdíà ti ọdún 1867 ní kí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ìlú tó ti tẹ̀ ẹ́ wà lára bébà. Orúkọ, ìlú. Kò béèrè ọdún. Ẹni tó kọ òfin yẹn ò ro tàwa tá a máa fowó oúnjẹ ra pósítà mọ́ ọn.

Nítorí náà, àdírẹ́sì òǹtẹ̀wé ni mo máa ń wò. Ní August 15, 1972, ilé ìfìwéránṣẹ́ Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í lo nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́fà nínú àdírẹ́sì. Ṣáájú ìgbà yẹn, “Bombay-4” ni wọ́n ń kọ. Lẹ́yìn rẹ̀, “Bombay-400 004”. Èmi náà ti ra pósítà Mother India “1957” kan rí lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó búra fún mi. Ọdún méjì gbáko ló fi wà lára ògiri mi. Lọ́jọ́ kan tí mò ń nu dígí rẹ̀, mo rí lẹ́tà kan tí kò ju èèrà lọ nísàlẹ̀, lábẹ́ igi ìtúlẹ̀ tí Nargis, òṣèrébìnrin fíìmù náà, gbé léjìká: Bombay-400. Nọ́ńbà tí wọn ò tíì bí ní 1957!

Àmọ́ bí nọ́ńbà yẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ sanwó. Òǹtẹ̀wé lè máa lo àdírẹ́sì àtijọ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ Bombay fúnra rẹ̀ ò yí padà sí Mumbai títí di 1995, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ayédèrú á da gbogbo rẹ̀ kọ, títí kan àdírẹ́sì. Bí nọ́ńbà bá wà, ó lè sọ ìgbà tí wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí, kò sọ nǹkan kan.

Kí ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fọwọ́ yà lóòótọ́ o. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán sórí ọ̀rá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán pátákó, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù àtijọ́ fún ẹni tó bá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Iṣẹ́ òótọ́ ni, èmi gan-an á rà á. Ṣùgbọ́n bó bá ti gba ọwọ́ ọlọ́jà mẹ́ta kọjá, á ti di “ti 1960”. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún yín. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹ dá owó yín padà sápò.

Tèmi ṣì wà lára ògiri. Mo yọ ọ́ kúrò nínú férémù, mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé “lẹ́yìn 1972, bóyá”, mo sì dá a padà. Ìyàwó mi bi mí bóyá ó ti wá burẹ́wà ni. Rárá, kò burẹ́wà.