Irin dúdú inú eyín: ṣé ká yọ ọ́ ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ẹni tó bá ti dí eyín láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kó dúró níwájú dígí kó yanu dáadáa. Bó bá rí nǹkan dúdú kan tó ń dán díẹ̀ lórí eyín ẹ̀yìn tó fi ń lọ oúnjẹ, àmágámù nìyẹn. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀ ló jẹ́ mẹ́kúrì, irin olómi tó lè ṣe májèlé fún ara. Ìyókù jẹ́ lẹ́búlẹ́bú fàdákà, tánńganran àti bàbà. Tí wọ́n bá sọ fún èèyàn lásán pé mẹ́kúrì ń bẹ lẹ́nu ẹ̀, kò sí bí àyà ò ṣe ní já a.

Àwọn tó ti fọ́ tẹmómítà àtijọ́ rí mọ mẹ́kúrì dáadáa. Á fọ́n ká ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà, ọwọ́ ò ní lè mú un. Bí ìka bá kàn án, á pín sí méjì, á yí lọ. Bó ṣe rí nìyẹn kó tó dénú eyín. Bí dókítà bá ti pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú irin yẹn, á rọ̀ bí ẹ̀bà gbígbóná, wọ́n á kì í bọ inú ihò eyín, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́, ó ti le gan-in. Mẹ́kúrì ti wọ inú fàdákà, bí omi ṣe ń wọ inú sìmẹ́ńtì tó bá di búlọ́ọ̀kù. Kò sẹ́ni tó ń bi búlọ́ọ̀kù tó ti gbẹ pé omi tí wọ́n fi pò ó dà.

Ibi tí àmágámù ti yàtọ̀ sí búlọ́ọ̀kù ni pé ó ń mí. Bí ẹnu bá ń lọ gúgúrú tàbí eegun, bí tíì gbígbóná bá dà lé e lórí, oru mẹ́kúrì díẹ̀ tí kò lóòórùn máa ń jáde lára rẹ̀, onítọ̀hún á sì mí i sínú. Ẹni tó máa ń fi eyín lọ eyín lójú oorun ń gbà ju ẹlòmíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní mẹ́jọ ń gbà ju ẹni tó ní ẹyọ kan. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé e wọnú ẹ̀jẹ̀. Ara náà ò sì jókòó lásán: láàárín nǹkan bí oṣù méjì, ìdajì èyí tó wọlé máa ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, ìwọ̀n yìí kéré débi pé ìwádìí ò rí àìsàn so mọ́ ọn. Àìsàn tó sọ ìlú Minamata ní Japan di olókìkí ní 1956, mẹ́kúrì oríṣi mìíràn ló fà á, èyí tó ti inú omi ẹ̀gbin ilé-iṣẹ́ wọ ara ẹja, tó sì tara ẹja wọ ara èèyàn. Orúkọ wọn jọra ni, ìwà wọn ò jọra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá takókó ni pé ìgbà tí wọ́n bá ń yọ àmágámù gan-an ni mẹ́kúrì rẹ̀ ń jáde jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ń yí kíkankíkan, ó ń gbóná, ó ń sọ irin náà di eruku àti oru nínú ẹnu ẹni tó ń sá fún oru. Ìdí nìyẹn tí mẹ́kúrì inú ẹ̀jẹ̀ fi máa ń ga sókè fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn yíyọ, kó tó wá wálẹ̀. Eyín náà á sì pàdánù, torí kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbẹ́ irin náà tí wọn ò ní bu díẹ̀ mọ́ eyín tó dá ṣáṣá. Ihò á fẹ̀ sí i. Bó bá lọ kan iṣan, ẹni tí eyín ò dùn rí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóru. Kọ́ńpósítì funfun tí wọ́n á fi dípò rẹ̀ wọ́n jù ú lọ, kò fẹ́ itọ́ rárá nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí i, kì í sì í sábà pẹ́ tó àmágámù lórí eyín ẹ̀yìn. Nítorí gbogbo èyí ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ṣe sọ ní oṣù Kẹsàn-án 2020 pé kí wọ́n má yọ àmágámù tó bá ṣì dúró dáadáa, àyàfi tí ìlera bá béèrè fún un.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé màmá kan wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ẹ̀ka eyín ní UCH, Ìbàdàn, tó sì ní, “Dókítà, ẹ bá mi yọ gbogbo ẹ̀ lónìí.” Dókítà tó mọṣẹ́ á ní, “Ẹ fara balẹ̀ mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná. Kí ló ń ṣe yín gan-an?” Á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tọ etí àmágámù bóyá ó ti là, á ya fọ́tò eyín bóyá kòkòrò ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́. Bó bá ti fọ́, tàbí tí eyín ti ń jẹrà nísàlẹ̀, kò sí ìjiyàn, kó jáde. Bí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ní àpá funfun tó ń ta án, tó sì jẹ́ ibi tó fara kan irin náà nìkan, ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ń kọ̀ ọ́. Irú èyí máa ń sàn lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí fífọ́, àárẹ̀ àti ìgbàgbé ló gbé màmá wá, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Iye tí àyẹ̀wò wọ̀nyẹn ń ná èèyàn ò tó ti gbígbẹ́ eyín mẹ́fà.

Àyẹ̀wò mẹ́kúrì náà wà, inú ìtọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó. Kẹ́ni tó fẹ́ ṣe é ṣọ́ àwọn tó ń kọ́kọ́ fúnni lóògùn tó ń fa mẹ́kúrì jáde lára kí wọ́n tó gba ìtọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lo oògùn yẹn, iye rẹ̀ á ga, ì báà má ní irin kankan lẹ́nu. Ká sòótọ́, bí èsì bá tilẹ̀ ga láìsí oògùn, ó yẹ kí wọ́n béèrè irú ìpara tí onítọ̀hún ń lò. Mẹ́kúrì wà nínú àwọn ìpara ìbóra kan, awọ ara sì ń mu ún lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fi ìpara bóra láàárọ̀ tó wá ń bá eyín jà lọ́sàn-án, ibi tó ń jò kọ́ ló ń dí.

Òfin àgbáyé náà ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn kan lójú. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ 2017, Nàìjíríà sì wọnú rẹ̀ ní 2018. Ní 2022, wọ́n fi kún un pé kí wọ́n má fi àmágámù dí eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn mọ́. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì pátápátá láti January 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn náà sì ti mú 2034 bí ọdún tó máa dópin. Eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dí ni gbogbo èyí ń bá wí, nítorí mẹ́kúrì tó ń dà sínú omi àti ilẹ̀ ló kà wọ́n láyà jù. Kò síbi tí wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni lọ họ ti àtijọ́ dànù.

Bí yíyọ bá di dandan, ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á ta rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín náà ká kí èérún má bọ́ sí ọ̀fun, omi tútù á máa ṣàn lé e lórí, páìpù ńlá á máa fa oru àti eruku lọ. Wọn kì í lọ̀ ọ́ kúnná: wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á sì ṣa á. Páìpù yẹn, iná ló ń lò. Nítorí náà, kí aláìsàn tó jókòó sórí àga, ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni pé bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, kí ló máa gbé e? Ilé ìwòsàn tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi ti ọjọ́ náà sílẹ̀. Aboyún náà, tí eyín ò bá dùn ún, kó dúró di ẹ̀yìn ìbímọ.

Inú ike tó ní ìdérí ni èérún tí wọ́n bá ṣà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe gọ́tà. Ohun kan náà ló kan eyín tí wọ́n bá yọ tòun ti irin inú rẹ̀. Àwọn kan máa ń gba eyín wọn wálé. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun lẹ́yìn ilé, torí bí iná bá ti ràn án, mẹ́kúrì inú rẹ̀ á di oru, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò sì mí i sínú.