Bèbí wo ló ń fò kiri nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Láyé ìsinyìí, tí wọ́n bá ti ń gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfúrufú, ẹ máa rí i nínú fídíò pé bèbí kan á ṣàdédé gbéra, á máa fò kiri níwájú àwọn àgbàlagbà tó wọ aṣọ iṣẹ́. Àtìgbà tí bèbí kan tó dà bíi dáínásọ̀, ẹranko ńlá ayé àtijọ́, ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020 ni ìbéèrè ti ń pọ̀, ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ṣe é lórí kọ̀ǹpútà?

Òótọ́ ni.

Ta ló ni dáínásọ̀ yẹn?

Tremor lorúkọ ẹ̀. 30 oṣù Karùn-ún 2020 ni ọkọ̀ SpaceX, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, gbé Doug Hurley àti Bob Behnken, àwọn astronaut (ẹni tó ń lọ sí gbalasa òfúrufú), kúrò ní Florida, àwọn méjèèjì ló ní ọmọkùnrin nílé tó fẹ́ràn dáínásọ̀, ni wọ́n bá kó gbogbo dáínásọ̀ ilé méjèèjì jọ káwọn ọmọ mú èyí tó máa bá bàbá wọn lọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìyàwó Hurley, Karen Nyberg, astronaut lòun náà, nígbà tó wà lókè ní 2013 ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ rán dáínásọ̀ kékeré kan fún ọmọkùnrin òun àti Hurley yìí kan náà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn. Aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú àpótí oúnjẹ àwọn ará Rọ́ṣíà ló gé, ó wá fi àkísà T-shirt kún inú ẹ̀. Ẹni tó bá ti ránṣọ rí á mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, kí abẹ́rẹ́, òwú àti sísọ́ọ̀sì má dúró lójú kan, kí gbogbo ẹ̀ máa léfòó lọ.

Iṣẹ́ wo ni bèbí ń ṣe níbẹ̀?

Okùn ni wọ́n fi so ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ti ọkọ̀ lọ sókè, ó máa wúwo síbi tó wà ni, bíi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbéra ẹ́ńjìnnì á kú, bèbí á gbéra, gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé wọ́n ti dé ibi tí nǹkan ti ń léfòó. Ọwọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà ni àṣà yìí ti wá, nínú ọkọ̀ Soyuz, ọmọ ọ̀gá ọkọ̀ ló sì sábà máa ń mú bèbí.

Ṣé torí pé kò sí òòfà ilẹ̀, agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀, lókè ni wọ́n ṣe ń fò?

Rárá o, ibí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. ISS, ibùdó táwọn astronaut ń gbé lókè, ò ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ sókè, òòfà tó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tiwa níbí. Wọ́n ń já bọ́ ni! Wọ́n ń já bọ́ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ń sá, bíi 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, ló jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń já bọ́ ni ilẹ̀ ayé náà ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn, wọn ò wá balẹ̀ láéláé, wọ́n kàn ń yí ayé po, ẹ̀ẹ̀kan ní bíi ìṣẹ́jú 90. Ọkọ̀, èèyàn, bèbí, gbogbo wọn ló jọ ń já bọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó tẹ ẹnì kan mọ́lẹ̀, òun la ṣe ń rí i bíi pé wọ́n ń fò.

Ẹ lè fi han ọmọ lẹ́yìnkùlé. Ẹ lu ike omi lihò nítòsí ìdí, ẹ bu omi kún un, ẹ má dé e, omi á máa tú jáde. Ẹ wá gbé e sókè kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀: bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ yẹn, omi ò ní tú mọ́.

Ohun ìṣeré míì ti lọ rí?

Ó pọ̀. Ní oṣù Kẹrin 1985 ọkọ̀ Discovery kó yóyò, ohun ìṣeré olókùn tó ń yí lọ yí bọ̀, àti àwọn nǹkan tó ń yí bíi òkòtó wa lọ, káwọn ọmọ iléèwé lè rí bó ṣe máa ṣe. Òkòtó tiwa, tó bá rẹ̀ ẹ́ á ṣubú, tòkè ò ní ilẹ̀ tó máa ṣubú sí, á kàn máa yí nínú afẹ́fẹ́. Àgbá kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tó ń yí báyẹn náà ni ISS fi ń dúró bó ṣe yẹ kó kọjú sí.

Ṣé bèbí ò lè ba nǹkan jẹ́?

Bèbí kọ́, èérún ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ní oṣù Kẹta 1965, astronaut Amẹ́ríkà kan, John Young, fi búrẹ́dì tó ní kọ́ọ̀nbíìfù nínú pa mọ́ sápò wọnú ọkọ̀ Gemini 3, ó yọ ọ́ fún ọ̀gá ẹ̀ Gus Grissom, àfi bí búrẹ́dì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rún, kíá ni wọ́n dá a padà sápò. Èérún lè wọ ojú, ó sì lè wọnú ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Ẹ sọ èyí fọ́mọ yín, á rẹ́rìn-ín.

Ọmọ mi ní òun náà fẹ́ fò ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé “kò sí òòfà lókè”. Ọmọ tó bá gba ìyẹn gbọ́ lè rò pé ó kàn yẹ kóun ga díẹ̀ sí i ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì wà ládùúgbò. Ẹ là á fún un pé jíjábọ́ ni wọ́n ń já bọ́, eré yẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n fara gbálẹ̀, ẹni tó bá fò láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní irú eré bẹ́ẹ̀.

Ṣé a lè rí wọn láti ilé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ISS máa ń gba òkè Nàìjíríà kọjá. Ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ tàbí ìdájí ló máa ń hàn, iná funfun tó mọ́lẹ̀, tí kì í ṣẹ́jú bíi ti bààlúù. Ẹ wo Spot the Station ti NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, lórí fóònù, á sọ àsìkò tó máa kọjá lórí ìlú yín, kẹ́ ẹ sì ti wà níta ṣáájú, torí ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni, tí kùrukùru bá sì bo ojú ọ̀run, ẹ dúró dọjọ́ míì.