Èédú tán, ilé ń pọ̀ sí i: kí ló ṣẹlẹ̀ ní Erie, Colorado?

Ní àríwá Denver, ní ìlà-oòrùn Boulder, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ni ìlú Erie wà. Nígbà ìkànìyàn 1990, ènìyàn 1,258 péré ló ń gbébẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2020, wọ́n ti di 30,038. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé èédú ni wọ́n torí ẹ̀ tẹ ìlú yìí dó, iṣẹ́ èédú sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀ ọ́.

Báwo ni ìlú náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Rélùwéè dé ibẹ̀ ní 1871 láti wá kó èédú. Ní 1874, ó gba ìwé àṣẹ ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ Erie tó wà ní Pennsylvania. Èédú ibẹ̀ kì í ṣe èyí tó le. Bí wọ́n bá wà á jáde tí atẹ́gùn sì fẹ́ sí i, kì í pẹ́ tó fi ń rún wẹ́wẹ́, kò sì ṣeé kó pamọ́ títí. Ìgbà òtútù, tí ará Denver ń wá ohun tí wọ́n á fi mú ilé móoru, ni iṣẹ́ máa ń pọ̀. Tí ooru bá dé, ọ̀pọ̀ awakùsà á gba oko lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n yìnbọn pa òṣìṣẹ́ níbẹ̀?

Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá kó dé Erie lónìí gbọ́ ọ. Ní 1927, àwọn awakùsà Colorado da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ọ̀yà àti ipò tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kùsà Columbine, tó wà ní Serene, ìlú kékeré tí ilé-iṣẹ́ kùsà náà ní nítòsí Erie, kò yéé ṣiṣẹ́. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú obìnrin àti ọmọdé rìn lọ sí ẹnu géètì Serene, àsíá Amẹ́ríkà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló dúró dè wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ fi kóńdó lù wọ́n, lẹ́yìn náà ni ìbọn dún. Ènìyàn mẹ́fà ló kú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Josephine Roche, tó jogún ìpín bàbá rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ tó ni kùsà náà, gba àkóso rẹ̀. Dípò kó lé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dànù, ṣe ló pè wọ́n wá ṣàdéhùn. Ẹni ńlá ni obìnrin yẹn.

Kí ló wá pa iṣẹ́ èédú?

Gáàsì. Ọ̀pá tó ń gbé e bọ̀ láti Texas dé Denver ní 1928, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ààrò èédú tì. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi máa parí, kùsà agbègbè náà ti tán.

Kí ló kó èrò dé, nígbà tí iṣẹ́ ti lọ?

Ilẹ̀kùn tí aládùúgbò tì ni. Ní 1967, ará Boulder dìbò pé kí wọ́n máa yọ owó orí lára ọjà láti fi ra ilẹ̀ yí ìlú wọn ká, kí ẹnikẹ́ni má baà kọ́lé sí i. Ní 1976, wọ́n tún fi òté lé iye ilé tuntun tí wọ́n lè kọ́ lọ́dún. Ilé gbówó lórí, àmọ́ iṣẹ́ ṣì ń pọ̀ ní Boulder. Níbo ni òṣìṣẹ́ á wá sùn? Erie ní pápá gbalasa, títì márosẹ̀ Interstate 25 ò jìnnà sí i, ọ̀nà Denver náà sì ṣí sílẹ̀. Mo gbà pé ohun tí Boulder ṣe dáa fún Boulder, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ló gbé ẹrù rẹ̀.

Ihò abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?

Ó ṣì wà níbẹ̀. Àwọn awakùsà máa ń gbẹ́ èédú ní yàrá-yàrá, wọ́n á sì fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín bí òpó tó gbé òkè ró. Bí òpó bá wó, ilẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀. Onílé lè kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀kùn kò padé mọ́, tàbí kí ògiri sán láti igun fèrèsé. Nítorí èyí, kí wọ́n tó kọ́ ẹ́sítéètì, wọ́n ń yẹ máàpù kùsà àtijọ́ wò, wọ́n sì ń lu ihò sínú ilẹ̀ láti mọ ibi tó ṣófo. Ibi tí kò bá dára, wọ́n lè da sìmẹ́ńtì pípò sínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ṣe pápá ìṣeré.

Ìpínlẹ̀ náà ní ètò adójútòfò fún ilé tí ilẹ̀ kùsà bá bà jẹ́, àmọ́ ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù kejì 1989 nìkan ló wà fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Erie. Ẹni tó bá fẹ́ ralé níbẹ̀, kó béèrè máàpù kùsà àdúgbò náà kó tó tọwọ́ bọ̀wé, kó sì béèrè bóyá wọ́n lu ihò sínú ilẹ̀ ibẹ̀ wò rí, àti ohun tí wọ́n bá nísàlẹ̀.