Eékà 40 àti ìbaaka kan: ìwé wo ni wọ́n fún wọn?

Ó ti sú mi. Bí ọ̀rọ̀ ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bá ti ṣẹ́ yọ báyìí, ẹnì kan á sáà sọ pé ìjọba fún gbogbo ẹrú tó gba òmìnira ní eékà ilẹ̀ 40 àti ìbaaka kan, pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ta á jẹ. Ẹlòmíràn á ní rárá o, ìlérí ẹnu lásán ni, ẹnikẹ́ni ò dé orí ilẹ̀ kankan. Àwọn méjèèjì á sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe.

Pé ogun parí ní 1865, pé àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń lo ẹrú ló fìdí rẹmi, pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ènìyàn bọ́ lóko ẹrú lọ́wọ́ òfo, ìyẹn ò gba àríyànjiyàn.

Ìlú Savannah, ní Georgia, lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ogun tó parí pàápàá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1865, Ọ̀gágun Sherman ti ẹgbẹ́ ogun ìjọba Àríwá àti Stanton, mínísítà ọ̀ràn ogun ìjọba náà, pe àwọn àgbà ìjọ aláwọ̀ dúdú 20 jọ. Garrison Frazier, ẹni ọdún 67 tó ti fi owó ra òmìnira ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀, ni agbẹnusọ wọn. Ilẹ̀ ló ní àwọn ń fẹ́, kí àwọn fọwọ́ ara àwọn ro ó. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Sherman gbé Àṣẹ Nọ́ńbà 15 jáde.

Ibí yìí gan-an ni àwọn tí mò ń bá wí máa ń fò kọjá. Ilẹ̀ wo? Àwọn erékùṣù etíkun láti Charleston lọ sí gúúsù, àwọn oko ìrẹsì etí odò tí olóko ti sá fi sílẹ̀, àti bèbè odò St. Johns ní Florida. Kì í ṣe Alabama. Kì í ṣe Virginia. Ìdílé ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ju eékà 40 lọ. Ìbaaka? Kò sí nínú àṣẹ náà rárá.

Ìwé ńkọ́? Àṣẹ ọ̀hún ò fi bò: ìwé pé ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wọn ni, bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, títí Ilé Aṣòfin yóò fi pinnu bí ọ̀rọ̀ ìní rẹ̀ yóò ṣe rí. Kí ilẹ̀ wà níkàáwọ́ ẹni ọ̀tọ̀, kó jẹ́ tẹni ọ̀tọ̀. Ọ̀gágun lè gba oko ọ̀tá lójú ogun. Ìyẹn ò sọ ọ́ di onílẹ̀ tí yóò ta á lọ́rẹ. Kódà òfin tó dá Freedmen's Bureau, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó gba òmìnira, sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yẹn, tí òun náà dárúkọ eékà 40, háyà ọdún mẹ́ta ló sọ, pé wọ́n sì lè rà á, pẹ̀lú irú ẹ̀tọ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá ní lórí rẹ̀. Rà á, mo tún un sọ. Kò sọ pé lọ́fẹ̀ẹ́.

Nǹkan bí 40,000 ènìyàn tẹ̀dó, wọ́n dáko. Wọ́n pa Ààrẹ Lincoln ní oṣù kẹrin. Ní oṣù karùn-ún, Andrew Johnson tó bọ́ sípò rẹ̀ kéde ìdáríjì fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ Gúúsù, ìdáríjì náà sì dá ohun ìní wọn padà, àfi ẹrú. Oṣù kẹwàá ni wọ́n rán Ọ̀gágun Howard, olórí Bureau, lọ sí erékùṣù Edisto, ní South Carolina, kó lọ sọ fún àwọn tó ti ro ilẹ̀ pé olóko àtijọ́ ń padà bọ̀. Iṣẹ́ kan rèé tí n kò ní gbà jẹ́.

Ṣé irọ́ pọ́ńbélé wá ni eékà 40? Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Beaufort, ní South Carolina, àwọn kan ra ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé nítorí owó orí tí olóko kò san, ilẹ̀ náà sì mọ́ wọn lọ́wọ́. Bóyá torí pé ìwé rírà ni tiwọn. Bóyá.

Ẹ ṣọ́ra ṣá. Ní nǹkan bíi 2000 sí 2002, àwọn oníjìbìtì ń gbowó lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láti bá wọn kọ ìwé owó orí, pé òfin kan wà tó ní kí wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là gẹ́gẹ́ bí owó gba-máà-bínú fún oko ẹrú. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ rí owó náà gbà nítorí àṣìṣe, ni àjọ owó orí bá kàn sí wọn pé kí wọ́n dá a padà.