Ta Ló Sọ Pé Òfin Fún Wa Ní Sẹ́kọ́ńdì 30?

Ẹ dé ìdí ẹ̀rọ fótókọ́pì ní Ìkòròdú nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: “Ìwádìí ni mo fẹ́ fi ṣe, mi ò ní í tà á.” Odindi ìwé ni wọ́n sì ń dà kọ, láti èèpo dé èèpo. Lẹ́nu àwọn tó ń gbé fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀: “Kò pé sẹ́kọ́ńdì 30, mo sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo ni ín.” Ó ti sú mi.

Òfin fàyè sílẹ̀ láti lo díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíì láìgbàṣẹ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Òfin kọ́píráìtì wa ti 2022, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023, sọ ọ́ ní abala 20: ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò, ẹ̀kọ́ àdákọ́, lámèyítọ́, àgbéyẹ̀wò, ìròyìn, títí kan yẹ̀yẹ́. Sẹ́kọ́ńdì 30 yìí ló ń bí mi nínú. Ẹ tú abala náà wò, ẹ ò ní í bá a níbẹ̀, ẹ ò sì ní í bá “ìdá mẹ́wàá ìwé” tí àwọn mìíràn ń sọ. Ohun tẹ́ ẹ máa bá ni ohun mẹ́rin tí adájọ́ á gbé yẹ̀ wò: kí lẹ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo lohun tí ẹ mú ti pọ̀ tó àti bó ti ṣe kókó tó, àti ohun tó máa ṣe sí ọjà ẹni tó ni ín.

Kókó yẹn gan-an ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Lọ́dún 1979, ìwé ìròyìn The Nation, ti Amẹ́ríkà o, kì í ṣe tiwa, mú nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí Ààrẹ tẹ́lẹ̀, Gerald Ford, fẹ́ gbé jáde. Ìwé náà tó 200,000 ọ̀rọ̀. Ìwé ìròyìn mìíràn, Time, ti ṣàdéhùn $25,000 láti kọ́kọ́ tẹ apá kan rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i pé àwọn kan ti ṣíwájú, wọn ò san $12,500 tó kù mọ́. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ní ìlò náà kò tọ́, torí ibi tí Ford ti ń ṣàlàyé ìdí tó fi dárí ji Nixon, ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n mú, ibẹ̀ sì ni ọkàn ìwé náà. Kí ẹnì kan bu ṣíbí kan péré nínú ìkòkò ọbẹ̀ yín, kó jẹ́ orí ẹja ló bù lọ, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ṣíbí kan ni.

Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ò lè pàṣẹ fún tiwa. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa.

“Ikorodu Bois ńkọ́?” Ìbéèrè tó ń tẹ̀ lé e nìyẹn, nípa àwọn ọmọ Ìkòròdú tó ń sín fíìmù ńlá jẹ. Ẹ̀bùn irinṣẹ́ ni iléeṣẹ́ fíìmù Netflix fi ránṣẹ́ sí wọn ní 2020, kò pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn yẹn ò gé fíìmù ẹnikẹ́ni o. Ara wọn ni wọ́n yà, ohun tó wà nílé ni wọ́n sì fi ṣe é. Pé inú oníṣẹ́ dùn sí wọn kò sì sọ ọ́ di òfin fún ẹlòmíì.

Ní ti “èmi kọ́ ni mo ni ín”, ó dáa kéèyàn dárúkọ oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá dúró lóun nìkan, mo rí i bí ìjẹ́wọ́.

Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ tó da orí kan kọ fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò? Mo rò bẹ́ẹ̀. Odindi ìwé tó ṣì wà lórí àtẹ ńkọ́? Mi ò rò pé ó rọrùn, àmọ́ adájọ́ ló máa wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìkànnì lórí YouTube, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ orin níbẹ̀ ò ka abala 20. Bí ìkìlọ̀ kọ́píráìtì mẹ́ta bá pé sí yín lọ́rùn láàárín 90 ọjọ́, ìkànnì lè lọ. Ẹ gé ohun tẹ́ ẹ mú mọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí wọ́n bá yọ fídíò yín láìtọ́, ẹ lè kọ̀wé tako ó, àmọ́ orúkọ yín gan-an àti àdírẹ́sì yín ló máa wà nínú ìwé náà, ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín ni wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ sí.